Ife Tèmi Tí Àbúrò Mi Mu

Ohun àkọ́kọ́ tí Délé àbúrò mi béèrè nígbà tí mo dé ìlú òtútù yìí kì í ṣe bóyá mo ti ríṣẹ́, kì í sì ṣe bóyá mo ti jẹun. Ó ní, "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni yìnyín tí wọ́n ń sọ yẹn ṣe rí gan-an?"

Mo dúró lójú fèrèsé yàrá tí mo háyà, mo ń wò ó bó ṣe ń já bọ́. Kò dún rárá. Òjò tiwa ní Kábbà máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀: atẹ́gùn á fẹ́, páànù á pariwo, àwọn obìnrin á sáré kó aṣọ kúrò níta. Eléyìí kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo jí láàárọ̀, mo rí i pé ó ti bo ojú ọ̀nà, ó bo ọkọ̀, ó bo igi, gbogbo ibi wá rí bákan náà, n kò mọ ibi tí ọ̀nà parí sí tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. N kò jẹ́ kí Délé mọ̀. Mo ní, "Tó o bá dé ibí, wàá fojú ara rẹ rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè ṣàlàyé ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mopa kí n tó kúrò nílé. Délé wà lára àwọn tí mo kọ́, òun ló sì di alábòójútó láàbù ilé ẹ̀kọ́ náà nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti kọjá lọ́wọ́ mi kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo máa ń fi ìyàtọ̀ àárín ọtí àti ọtí hàn wọ́n. Màá gbé ìgò kékeré méjì sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú méjèèjì mọ́ bí omi òjò. Ọ̀kan ni étánọ́ọ̀lì, ìyẹn ọtí tó wà nínú bíà àti ògógóró. Èkejì ni métánọ́ọ̀lì, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò, tó máa ń fọ́ni lójú, tó sì ń pani. Màá ní kí wọ́n gbóòórùn wọn, imú wọn kò ní mọ ìyàtọ̀. Màá ṣáná sí díẹ̀díẹ̀ nínú wọn, méjèèjì á jó. Màá wá kojú sí wọn, màá béèrè pé, "Àwọn bàbá yín máa ń ṣáná sí ògógóró kí wọ́n tó mu ún, àbí? Wọ́n ní èyí tó bá jó ló dára. Ó dáa. Nínú àwọn méjì tó jó yìí, èwo ni yóò pa yín?"

Àwọn kan á nawọ́ sí ti ọ̀tún, àwọn kan á nawọ́ sí ti òsì.

Nígbà náà ni màá da áyódínì àti omi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ sínú méjèèjì, màá mú wọn gbóná díẹ̀. Métánọ́ọ̀lì á mọ́ gaara bó ṣe wà. Étánọ́ọ̀lì á dojú rú, yóò wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì máa rùn bí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn àtijọ́. Àwọn ọmọ á hó. Èmi á sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sín mi jẹ kiri Mopa: "Èyí tó bá pọ́n bí ẹyin, ọ̀rẹ́ yín ni. Èyí tó bá mọ́, ẹ sá fún un."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dùn lẹ́nu, ó rọrùn láti rántí, kò sì pé.

*

Iṣẹ́ tí mo rí níbí ni kí n máa fọ ìgò ní láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ ọtí àti lọ́fínńdà wò. Èmi olùkọ́ tí àwọn ọmọ máa ń dìde fún bí mo bá wọlé, mo wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdí ìgò. Àwọn ará ibẹ̀ kò burú. Wọ́n á kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á lọ. Mo fi oṣù mẹ́rin ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìkíni. Nílé wa, okun là ń kí ara wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti oko dé, okun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, okun náà ni, àmọ́ ohùn ẹni tó ń kí i á lọ sílẹ̀. Mo máa ń dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn mẹ́fà kan náà láràárọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan mo ṣàdédé sọ ọ́ jáde, "Okun o," láìkọjú sí ẹnì kankan. Obìnrin kan sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi dé ibi iṣẹ́, nígbà tí mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sunkún.

Ọ̀gá tó ń mójú tó wa ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo. Òun ló bi mí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí mo sọ fún un pé kẹ́mísírì ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlá, ó wo ìgò tí mo ń fọ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "O ò sì sọ." Mo ní wọn ò bi mí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹ́ kí n wọn nǹkan, kí n po nǹkan. Mo pe Délé pé wọ́n ti fún mi ní aṣọ funfun láàbù. Ó hó lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi jọba.

*

Bàbá wa kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Délé ló pè mí. Kò sọ pé Bàbá kú. Ó kàn ń sọ pé, "Okun, ẹ̀gbọ́n mi. Okun. Okun o," mo sì ti mọ̀ kó tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

N kò lè lọ. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá jáde, ilẹ̀kùn ti mọ́ mi níta nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún àwọn àgbà ilé lórí fóònù, wọ́n ní ó yé wọn. Ohùn wọn kò jọ ti ẹni tó yé.

Nínú ìdílé wa, àkọ́bí ló ń gbé ọtí fún àwọn àgbà bí bàbá bá kú, ì báà ṣe obìnrin. Bàbá wa jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ọtí àwọn àgbà ilé kò ní ṣàì wà. Ẹni tó gbé ọtí náà wá ni yóò kọ́kọ́ mu ife kan lójú gbogbo wọn. Wọ́n á máa wò ó. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á bi í léèrè oko, wọ́n á bi í léèrè ọmọ. Bó bá dáhùn bí ènìyàn, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ife á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká. Bí ọmọ tó yẹ kó gbé e wá kò bá sí nílé, àbúrò rẹ̀ á mu tirẹ̀, á sì mu ti ẹni tí kò sí. Ife méjì.

Mo ní kí Délé ra ògógóró gidi. Ó lọ sí ọjà Odò-Ẹrẹ̀, ó gbé jálá ńlá kan bọ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsìnkú ló pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Wọ́n ní àwọn kan mu ọtí ní abúlé oko kan lẹ́yìn Igbaruku, wọ́n sì kú. Wọ́n ò mọ ibi tí ọtí ọ̀hún ti wá."

"Ìgbà wo?"

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí mo rà yìí, Bàbá Ìyàrá ti ṣáná sí i. Ó jó dáadáa. Àmọ́ ó ń ta mí nímú lọ́nà kan. Ẹ jẹ́ ká kúkú fi ẹmu rọ́pò rẹ̀."

Bàbá Ìyàrá ni àbúrò bàbá wa, òun ló dàgbà jù nínú ilé báyìí. Ọ̀rọ̀ iná yẹn bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ ẹmu sì tún bí mi nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn létí mi: ọmọ tó wà lókè òkun, tí kò wá sin bàbá rẹ̀, ẹmu ló fi ránṣẹ́.

"Délé, ìwọ tó o wà ní láàbù lò ń bá mi sọ̀rọ̀ iná? Kí ni mo kọ́ yín?"

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó bá pọ́n bí ẹyin, ọ̀rẹ́ yín ni."

"Ó dáa. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti jókòó sórí àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́, tí mo ń jẹ búrẹ́dì, ó pè mí pẹ̀lú fídíò. Mo rí láàbù mi àtijọ́, tábìlì tó jóná légbẹ̀ẹ́ kan, fèrèsé tí wọn kò tíì tún ṣe. Délé gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó pọ́n. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń wálẹ̀ sí ìdí ìgò.

"Ẹ wò ó o! Ó pọ́n bí ẹyin!"

Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan fi yọjú lókè àtẹ̀gùn. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú dùn lọ. Mo wà ní ọ̀nà jíjìn, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì tó ilé.

"Ṣé kí n gbé e fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Gbé e fún wọn," ni mo wí.

*

Lọ́jọ́ Sátidé mo wo ìsìnkú náà lórí fóònù. Fúnkẹ́ ìyàwó Délé ló gbé fóònù rẹ̀ dání, kò gbé e sókè tó, mo ń rí bàtà àwọn ènìyàn ju ojú wọn lọ. Ojú ọ̀run ṣú dùdù lórí òkè lẹ́yìn ilé. Nígbà tó kan ọtí, ó gbé fóònù náà sókè dáadáa kí n lè rí i.

Délé dúró láàárín àwọn àgbà. Ó gbé ife àkọ́kọ́, ó ní, "Èyí ni tèmi." Ó mu ún tán. Ó gbé ìkejì, ó yíjú síbi tí fóònù wà, ó ń wá ojú mi. "Èyí ni ti ẹ̀gbọ́n mi tí kò sí nílé. Ọkàn rẹ̀ wà níbí." Ó mu ún tán. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi.

Bàbá Ìyàrá bi í léèrè oko. Ó ní àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ó bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìyàrá ti mu tirẹ̀, ife ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àgbàlagbà kejì nígbà tí òjò dé pẹ̀lú ìjì, tó gbé àga, tó ká àtíbàbà, tí kálukú sì sá wọlé. Ẹnì kan da jálá náà nù nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Wọ́n ní ó ṣeni láàánú. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò yẹn.

Àṣà yẹn dára. Ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìkà. Àmọ́ májèlé tó ń kánjú ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Èyí kì í kánjú. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn dáhùn ọ̀rọ̀ oko, kó dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ, kó sùn, kó jí, kó lọ sí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Mo bá Délé sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà. Ó ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun, ó rẹ̀ ẹ́. Mo ní ta ni kò ní rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀. Mo ní kó lọ sùn.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Hẹ́lẹ́nì pè mí síbi ẹ̀rọ ńlá tó wà ní igun láàbù. Fún oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń nu eruku ara rẹ̀ láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì kan. "Jókòó," ló wí. "Lónìí, ìwọ lo máa ṣe é." Mo jókòó. Mo ti ń ro bí màá ṣe ròyìn rẹ̀ fún Délé.

Ẹ̀rọ náà máa ń tú ohun olómi palẹ̀, yóò sì ya ohun kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú rẹ̀ bí òkè sójú kọ̀ǹpútà. Ọtí kan ni wọ́n fún wa, tí ìjọba gbà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú yìí. Mo fi sí i. A ń wò ó. Òkè kan yọ, ó ga. Mo rò pé ó tán. Òkè mìíràn tún yọ tẹ̀ lé e, ó ga jù ú lọ.

"Èyí tó tóbi ni étánọ́ọ̀lì," Hẹ́lẹ́nì wí. "Èyí tó kọ́kọ́ yọ ni métánọ́ọ̀lì. Ẹnì kan ti pò wọ́n mọ́ra kó lè pọ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Bí ènìyàn bá fi áyódínì yẹ eléyìí wò, ṣé yóò pọ́n?"

"Á pọ́n dáadáa. Ohun tó o máa bi í ni bóyá étánọ́ọ̀lì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò purọ́ fún ẹ. Ìwọ lo ò bi í pé ta ló bá a wá."

Mo rántí àwọn ìgò méjì mi lórí tábìlì Mopa, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọdún mọ́kànlá, n kò da méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan rí kí n sì fi han àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà, nítorí ìdajì ìbéèrè ni mo bi.

Mo sáré lọ síbi tí à ń kó ẹrù sí, mo mú fóònù mi. Fúnkẹ́ ti pè lẹ́ẹ̀meje. Mo pè é padà.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, ẹ bá Délé sọ̀rọ̀. Ó ní ọyẹ́ ti bo gbogbo inú ilé."

"Ọyẹ́?"

"Ó ní kí n wá tan iná. Ọ̀sán gangan nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ló ń rọ̀ níbí!"

Mo gbọ́ òjò náà lórí páànù. Mo sì gbọ́ ohùn Délé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi sùúrù béèrè pé ṣé àwọn tó kù kò rí ọyẹ́ ni.

Mo ní, "Fúnkẹ́, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Má wẹ̀ ẹ́, má se nǹkan kan, má gbàdúrà kẹ́ ẹ tó lọ. Gbé e lọ, kó o sì fún dókítà ní fóònù." Mo ní kó ránṣẹ́ sí Bàbá Ìyàrá àti àgbàlagbà kejì náà pẹ̀lú.

Nígbà tí dókítà gbé fóònù, mo sọ orúkọ métánọ́ọ̀lì fún un lẹ́ẹ̀mẹta kí n má bàa ṣì í sọ. Ó ní, "Màdáàmù, ọkùnrin yìí ní kò lè jẹ́ ọtí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti yẹ̀ ẹ́ wò."

*

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ikú. Inú run àwọn àgbà méjèèjì fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì tán. Ojú Délé kò padà ríran. Òun kò gbà pé ẹ̀bi mi ni. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé àyẹ̀wò ẹ̀gbọ́n òun pé, pé ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan pààrọ̀ jálá náà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ́ kó máa sọ ọ́. Mo ń pè é, mo ń bi í bó ṣe jẹun, bó ṣe sùn, mo sì ń dákẹ́ lórí èyí tó kù. Níbi iṣẹ́, èmi ni mo ń lo ẹ̀rọ náà báyìí. Wọ́n yìn mí lójú gbogbo ènìyàn, mo sì wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jí, ìlú ti funfun. Mo dúró lójú fèrèsé, mo pe Délé.

Mo ní, "Délé, ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ jálá yẹn. Àyẹ̀wò mi ni kò pé. Bí mo ṣe kọ́ ẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ gbogbo yín. Ó lè pọ́n bí ẹyin kí májèlé sì wà nínú rẹ̀."

Mo gbọ́ adìyẹ kan lágbàlá, mo gbọ́ Fúnkẹ́ tó ń gún nǹkan lókèèrè. Mo rò pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "ṣé yìnyín ti ń já níbẹ̀?"

"Ó ti ń já. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí fún ẹ."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Gbogbo ibi ló funfun, kò dún, èèyàn ò sì mọ ibi tí ọ̀nà parí sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Láti oṣù Keje ni mo ti wà nínú rẹ̀," ló wí.